Ọwọ́ Kan Ni Múfú Fi Dọ̀bálẹ̀ Fún Mi

Bí ẹ bá pàdé mi lójú títì Ìkọ̀tún, ẹ ó sọ pé èèyàn jẹ́jẹ́ nìyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ará ilé wa ṣe máa ń pè mí. N kì í pariwo, n kì í bá ẹnikẹ́ni jà nídìí omi, bí wọ́n bá sì bú mi níbi iṣẹ́, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n so yìgì ọmọ mi, Bàṣírà, ìyá rẹ̀ ń kọrin káàkiri ilé, èmi tí mo bí ọmọ kò lè jẹun. Ìdí rẹ̀ ni pé Múfú, àbúrò ìyàwó mi, ti pè wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní òun ń bọ̀ síbi ìgbéyàwó náà. Ó ní kí ìjà àtijọ́ lè tán pátápátá, òun á tún dọ̀bálẹ̀ fún mi lójú gbogbo ẹbí kí wọ́n tó so yìgì. Háà! Múfú á tún dọ̀bálẹ̀ fún mi! Bẹ́ẹ̀ èmi ló yẹ kí n fi àyà lélẹ̀ fún un. Ọlọ́run mọ̀, èmi náà mọ̀, kámẹ́rà kékeré kan tó wà nínú agolo mílíìkì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi sì mọ̀.

Lébírà ni mí. Páráìmárì fọ́ọ̀ ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń po kọnkéré, tí mo ń ru búlọ́ọ̀kù. Ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí tí mo bá ìyá kan tún fẹ́ǹsì ilé rẹ̀ mọ ní Gowon Estate. Nígbà tí ìyá náà ń padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ lókè òkun, ó fún mi ní kámẹ́rà dígítà kan, irú èyí tó ń wọ àpò, tí ojú rẹ̀ máa ń yọ jáde bí orí ahun tí èèyàn bá tàn án, tí á sì tún wọlé padà tí wọ́n bá pa á. Láyé mi, n kò tíì ní ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Múfú ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ó ti kọ́ iṣẹ́ fótò dé ìdajì kí ọ̀gá rẹ̀ tó kú, ni mo bá ní kó máa fi kámẹ́rà náà ya àwọn tó ń ṣe ìkómọ àti ìnáwó. Ọmọ náà mọ iṣẹ́, kò sì pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí gbogbo wa jókòó sí kọ́rídọ̀, mo na ọwọ́ sí kámẹ́rà náà pé kí n wò ó. Múfú fà á sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá mi, ọwọ́ yín ti le jù fún nǹkan yìí. Ẹ ó kàn fi ọwọ́ kọnkéré tẹ̀ ẹ́ fọ́ ni o!" Gbogbo kọ́rídọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi gan-an rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún. Èmi ni wọ́n fún ní nǹkan, wọ́n wá ń sọ fún mi pé ọwọ́ mi kò yẹ ẹ́?

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà, kí Múfú tó jí, mo rọra yọ kámẹ́rà náà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, mo sọ ọ́ sápò ṣòkòtò iṣẹ́ mi, mo kọrí sí Ayọ̀bọ̀, níbi tí a ti ń da dẹ́kìn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan. Nígbà tí a fẹ́ sinmi, mo gun orí dẹ́kìn, mo gbé ṣọ́bìrì kọ́ èjìká, mo ní kí Sùlé, ẹni tí a jọ ń po kọnkéré, ya mí. "Ọ̀gá fótò!" ni Sùlé ń pariwo. "Yọ eyín jàre! Àbí o ti fi eyín yẹn jẹ òkúta tán ni?" Mo yọ eyín. Inú mi dùn débi pé mo ń po kọnkéré pẹ̀lú kámẹ́rà náà nínú àpò mi títí ilẹ̀ fi ṣú díẹ̀. Nígbà tí mo tàn án láti wo fótò mi, tí mo wá pa á, ojú rẹ̀ ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bó ṣe ń wọlé, bí ìgbà tí èèyàn ń jẹ ẹ̀wà tí wọn kò ṣà. Mo gbọ́ ọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n purọ́ fún yín: mo gbọ́ ọ. Mo fi aṣọ nù ún, mo dá a padà sábẹ́ ìrọ̀rí, mo sì fipá gbàgbé rẹ̀. Múfú kò ní òde kankan títí di ọjọ́ Àìkú. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé kámẹ́rà jáde nílé.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, ó lọ ya ìkómọ ní Barùwà. Ọ̀sán kò tíì pọ́n tó fi padà dé. Ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ya láti ọrùn dé ìdodo, ètè rẹ̀ ti wú. Àwọn àbúrò bàbá ọmọ ló lù ú, wọ́n ní ó ba ọjọ́ ayọ̀ àwọn jẹ́. Kámẹ́rà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú kámẹ́rà ọ̀hún yọ dé ìdajì, ó gan síbẹ̀, kò wọlé, kò jáde. Ṣé ẹ mọ̀ pé olè gan-an ló máa ń kọ́kọ́ pariwo olè? Mo ní, "O já a bọ́!" Ó ní, "Bọ̀dá, mi ò já a bọ́. Bí mo ṣe tàn án báyìí ló gan." Mo gbá a létí. "O já a bọ́!" Ó di etí mú, ó ń wò mí. "Mo búra, mi ò já a bọ́. Ṣé kì í ṣe pé ẹnì kan ti mú un nílé ṣá?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò yẹ kó sọ. Mo fi ìkúùkù lu imú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ta sára ògiri. Ó ṣubú lu kẹ́ẹ̀gì omi. Mo fi bàtà iṣẹ́ tẹ̀ ẹ́ níhà, mo tún tẹ̀ ẹ́, ó ń pè mí ní Bọ̀dá, mo ṣáà ń tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ń gbìyànjú àtidìde ni mo rí igi ṣọ́bìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ohun tí mo sọ fún gbogbo ayé ni pé mi ò mọ ìgbà tí mo gbé e. Irọ́ ni! Mo mọ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbé e sókè. Múfú na ọwọ́ ọ̀tún bo ojú, ọwọ́ tó fi ń tẹ kámẹ́rà, ó sì dún bí igi gbígbẹ tó ṣẹ́. Ìyàwó mi sáré jáde, ó kó sáàrin wa, ó ń ké pé, "Bàbá Bàṣírà, ẹ ó pa á! Òun nìkan ni ọmọ ìyá tó kù fún mi!" Mo tì í. Ẹnu rẹ̀ lọ gbá etí sìmẹ́ńtì, eyín iwájú rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀, ó funfun bí hóró àgbàdo. Bàṣírà jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sunkún, ó kàn ń wò mí. Ọkùnrin mẹ́rin ló gba igi lọ́wọ́ mi.

Ẹ ó rò pé wọ́n á fi ọlọ́pàá mú mi. Rárá o, èèyàn jẹ́jẹ́ ni mí ná! Wọ́n ní bí ẹni tí kì í bínú bá bínú, a jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́ gidi ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Bàbá Onílé pe gbogbo wa sí àgbàlá. Ó ní, "Múfú, àgbà kì í jẹ̀bi lójú ọmọdé. Ó gbà ọ́ sílé, o ba nǹkan ìní rẹ̀ jẹ́, o tún ń bá a jiyàn. Dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ." Wọ́n ti fi gèlè ìyàwó mi so ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ àyà. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì kan ilẹ̀, ọwọ́ náà yẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ sì ṣubú lé ọwọ́ tó kán. Kò ké. Ó há ètè mọ́ eyín. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bọ̀dá mi." Èmi náà sì dáhùn, mo ní, "Mo ti dárí jì ọ́." Ṣé ẹ gbọ́? Èmi ni mo sọ pé mo ti dárí jì í!

Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó mi mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun ní Ìgàǹdó. Òjò ń rọ̀, kò sí iṣẹ́, èmi nìkan ni mo wà nílé. Ọkùnrin tó ń tún kámẹ́rà ṣe lọ́jà Ìkọ̀tún ti ní kí n jù ú nù. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ tú u. Kì í ṣe pé mo fẹ́ tún un ṣe o, ibi tó fi kan ilẹ̀ ni mo fẹ́ rí, kí ọkàn mi lè balẹ̀ pé mi ò jẹ̀bi. Mo yá sukudíráfà kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ń tún aago ṣe. Mo yọ bátìrì. Mo gé ọṣẹ ìfọṣọ kan pẹlẹbẹ, bí mo bá ti tú sukúrù kan, mà á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọṣẹ náà, ní ìtẹ̀léra bí mo ṣe ń tú wọn, kí n lè mọ èyí tó máa kọ́kọ́ padà. Bí mo ṣe ṣí èèpo rẹ̀, ìka mi kan irin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tó máa ń kọ mànà bí wọ́n bá ń ya fótò. Bí mo ṣe yọ bátìrì tó, àṣé iná ṣì wà níbẹ̀! Ó gbá mi débi pé èjìká mi kú, mo bá ara mi lórí ilẹ̀. Mo sunkún níbẹ̀, mi ò mọ ohun tí mo ń sunkún fún.

Nígbà tí ọwọ́ mi rọ̀, mo mú igi ṣọ́bìrì yẹn náà, mo fi ti ilẹ̀kùn pa, mo tún jókòó. Mo tú ibi tí ojú rẹ̀ wà, mo rọra yọ wáyà pẹlẹbẹ kan tó rí bíi bébà. Mo wo gbogbo ara rẹ̀. Kò sí ibi tó sán, kò sí ibi tó tẹ̀. Àwọn wíìlì kéékèèké eléyín ni mo wá rí, hóró yanrìn méjì sì há sáàrin wọn, pẹ̀lú lẹ́búlẹ́bú sìmẹ́ńtì tó ti gan bí ìpẹ́pẹ́. Yanrìn ìkọ́lé ni. Ta ni yóò fi irú yanrìn bẹ́ẹ̀ han èmi? Mo ti ń kó o láti kékeré! Múfú kò dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé rí.

Mo fi òwú nù wọ́n, mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan ṣoṣo yọ yanrìn náà, mo tò ó padà bí mo ṣe tú u, sukúrù kò ṣẹ́kù, kò dín. Ọwọ́ kọnkéré yìí kan náà ni o! Mo ki bátìrì bọ̀ ọ́, mo tàn án. Ojú rẹ̀ jáde wẹ́rẹ́, ó wọlé wẹ́rẹ́. Mo ní kí n wo fótò tí wọ́n yà kẹ́yìn nínú rẹ̀. Èmi ni. Èmi lórí dẹ́kìn, ṣọ́bìrì léjìká, eyín mi níta. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn ìyàwó mi níta báyìí, mo fi í sínú agolo mílíìkì, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Títí dòní, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé kámẹ́rà náà ń ṣiṣẹ́.

Ọwọ́ Múfú san, ṣùgbọ́n ó wọ́. Kò lè gbé e kọjá àyà. Ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ló ti ń ṣọ́ géètì, kò sì di kámẹ́rà mú mọ́. Láàárọ̀ òní, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín sí mi, mo rí àlàfo tí mo fi sí ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Ẹ rí i, Bàbá Bàṣírà, àbúrò mi mọ ẹ̀tọ́."

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá gbé agolo yìí jáde, ṣé ìyàwó mi á tún bá mi gbé? Ṣé àwọn àna Bàṣírà á gbà kí ọmọ wọn fẹ́ ọmọ irú mi? Bí mo bá sì dákẹ́, mo mọ bó ṣe máa rí lọ́jọ́ náà. Múfú á kúnlẹ̀ níwájú mi. Á na ọwọ́ òsì sílẹ̀, nítorí òun nìkan ló ṣe é nà. Gbogbo àgbàlá á kọjú sí mi, wọ́n á máa retí kí n sọ pé mo ti dárí jì í.