Ẹsẹ̀ Ọmọ Yín Ló Gba Ife Náà

Rárá, Màámi, ẹ má fà mí lápá, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀! Láti ẹnu ilẹ̀kùn lẹ ti ń bẹ̀ mí, ẹ ò tíì bọ́ bàtà, ẹ ò tíì mumi, àfi ‘dárí jì í, dárí jì í,’ bí ẹni pé èmi ni mo le àbúrò mi kúrò láyé. Ṣé èmi ni mo fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù nínú eré gọ́ọ̀fù tó jẹ́ pé ọ̀pá ni gbogbo ayé fi ń gbá a? Bí mo bá ti rántí bàtà funfun tó wà lẹ́sẹ̀ ọmọkùnrin yín lọ́jọ́ náà, bàtà tí èmi fúnra mi rà fún un o, ó máa ń ṣe mí bí kí n tutọ́ sílẹ̀. Ṣíọ̀!

Kí lẹ wí? Ìfẹ́ ló fi ṣe é? Ìfẹ́ kẹ̀! Màámi, orí tẹlifíṣọ̀n lẹ̀yin ti wò ó, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí fún yín. Ihò tó gbẹ̀yìn la wà. Iye kan náà lèmi àti Ẹ̀gbọ́n Onífìlà, obìnrin tá a jọ ń díje, jọ wà, ẹni tí iye ìgbà tó lu bọ́ọ̀lù bá kéré jù kó tó wọ ihò yẹn ló gba ife. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́. Mo lu tèmi, afẹ́fẹ́ gbé e, ó wọ inú koríko gígùn lápá ọ̀tún, koríko tó le bíi búrọ́ọ̀ṣì, tó jẹ́ pé kò sí ọ̀pá tí ẹ lè fi yọ bọ́ọ̀lù níbẹ̀ kó lọ síbi tẹ́ ẹ fẹ́. Mo ti gba kámú. Ọlọ́run gbọ́, mo ti gba kámú! Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n ni kó gbà á, ó tọ́ sí i. Ni ọmọ yín bá sáré ṣíwájú, àpò mi léjìká rẹ̀, kó lọ bá mi wá bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ ẹni tó ń gbé àpò fúnni náà kúkú nìyẹn, ta ni yóò fura? Gbogbo èrò wà lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n lẹ́bàá àsíá. Ọmọ yín bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń so okùn bàtà, ó pariwo pé, ‘Mo ti rí i o!’ Nígbà tí mo fi débẹ̀, bọ́ọ̀lù gúnwà sórí koríko bí ẹni pé wọ́n gbé e lé ìrọ̀rí.

Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo gbójú sókè, mo ní, ‘Olúwa, o ṣé.’ Mo dúpẹ́, Màámi! Mo dúró láàrin pápá lójú gbogbo ayé, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọmọ yín! Pọ̀ọ̀!

Mo lu ú. Ó gòkè, ó balẹ̀, ó yí, ó yí, ó wọ ihò lọ. Ẹ rí bí èrò ṣe pariwo, ẹ sọ pé ẹ̀yin náà fò sókè lórí àga. Ẹ̀gbọ́n ní láti lu tirẹ̀ wọlé kó tó lè bá mi dọ́gba, ó sì yà lẹ́nu ihò báyìí, díẹ̀ ló kù. Obìnrin yẹn ò bínú o. Ó wá bá mi, ó gbá mi mọ́ra débi pé fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ní, ‘Àbúrò mi, ọwọ́ rẹ dára.’ Ọwọ́ mi! Orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún, ó ti sọ fún gbogbo wa pé ìdíje tóun máa gbẹ̀yìn nìyẹn. Láti ìgbà tó ti ń rìnrìn àjò láti pápá kan sí òmíràn, nínú òjò, nínú yìnyín, nínú aṣálẹ̀, kò gba ife ńlá kan rí. Ẹ ò rántí ìgbà tí ọkọ̀ òfuurufú gbé àpò mi gba ibòmíràn lọ ni? Ta ló yá mi lọ́pá? Òun ni! Ó ní kí n mú èyí tí mo bá fẹ́ nínú tòun, a sì jọ ń bá ara wa díje lọ́jọ́ kejì. Irú ẹni tí ọmọ yín yọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, tó tún ń rẹ́rìn-ín sí i.

Kò tán síbẹ̀. Àwọn oníròyìn ìlú òyìnbó ò mà jẹ́ n sinmi. Wọ́n ní irú bọ́ọ̀lù yẹn ò wáyé lọ́dún yìí, wọ́n ń fi hàn, wọ́n ń tún un fi hàn. Àwọn tó ń ṣe ọ̀pá pè mí, wọ́n fẹ́ gbé bọ́ọ̀lù yẹn síwájú ìpolówó ọ̀pá wọn tuntun, wọ́n ní irin orí rẹ̀ mú, pé ó ń yọ bọ́ọ̀lù nínú koríko bí ẹni fọ̀bẹ gé bọ́tà. Irin wo? Bàtà ni kí wọ́n máa polówó! Kí wọ́n ya ẹsẹ̀ ọmọ yín sójú pátákó, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ló ń gba ife!

Ẹ̀yin ẹ má bínú, mo mọ̀ pé mò ń pariwo. Ṣé kí n má pariwo ni? Níbi àsè tẹ́ ẹ ṣe fún mi, tí ife wà láàrin tábìlì, tí gbogbo ẹbí jókòó, tí mo ti gé kéèkì sẹ́nu, ni ọmọ yín fi ṣíbí lu ife omi, ó ní kí wọ́n dákẹ́, ó ní, ‘Ẹ̀gbọ́n mi rò pé òun nìkan ló gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ yẹn.’ Ó na ẹsẹ̀ sí gbangba, ó fi han gbogbo ilé bó ṣe tì í jáde. Wọ́n sì rẹ́rìn-ín! Bàámi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà wọ́n lẹ́nu. Àbúrò Bàámi pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ọmọ ọkùnrin ni. Mo tu kéèkì yẹn sínú aṣọ ìnuwọ́. Títí di òní tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, bí mo bá rí kéèkì, ẹsẹ̀ ọmọ yín ni mò ń rí.

Ẹ ní kí n fi sílẹ̀, òfin ti gbè mí? Òfin náà ló tún bí mi nínú jù! Mo pe àwọn alábòójútó ìdíje fúnra mi, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní bí mi ò bá ti mọ̀ sí i, tí ìdíje sì ti parí, ife ṣì jẹ́ tèmi. Wọ́n tún yìn mí! Wọ́n ní olóòótọ́ ènìyàn ni mí! Kí ni mo fẹ́ fi ìyìn ṣe, Màámi? Mo ti mọ̀ báyìí. Ṣé kí n máa wò ó nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni, kí n máa nù ún?

Kò jẹun? Kó má jẹun! Ẹ má sọ pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá, mo mọ̀. Ta ló ń gbé e kiri ayé bí kì í bá ṣe èmi? Òun nìkan ni mo gbọ́kàn lé ní pápá. Bó bá ní kí n lù ú sósì, òsì ni, n kì í wẹ̀yìn. Nísinsìnyí, gbogbo bọ́ọ̀lù mi tó ti balẹ̀ síbi tó dáa látẹ̀yìn wá, bí oúnjẹ tí mo rí irun nínú rẹ̀ ni mo ṣe ń wò wọ́n. Èwo ni tèmi? Èwo ni tẹsẹ̀? Èmi ò mọ̀ mọ́! Ohun tó bà jẹ́ fún mi nìyẹn, ife ò tiẹ̀ sí níbẹ̀. Kò ní gbé àpò mi mọ́ láé. Mo fi Ọlọ́run búra.

Ẹ ní kí ni?

Ẹ tún un sọ. Ẹ ní ẹ ti kìlọ̀ fún un? Ẹ kìlọ̀ fún un pé kó má sọ ọ́ létí mi? Nígbà wo, Màámi? Nígbà wo lẹ kìlọ̀ fún un?

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo gba ife gan-an. Ó pè yín láti òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ ti mọ̀ kí n tó wọ bàálù. Ẹ ti mọ̀ nígbà tẹ́ ẹ fi ń gbá mi mọ́ra, tẹ́ ẹ gbọ́wọ́ lé mi lórí níwájú ẹbí, tẹ́ ẹ ní Ọlọ́run tó ṣe èyí yóò ṣe púpọ̀ sí i. Púpọ̀ sí i! Hà-hà-hà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín. Púpọ̀ sí i nínú kí ni, Màámi? Nínú ẹsẹ̀?

Ẹ jókòó. Ẹ ò ní lọ. Fóònù mi dà? Ẹ fọwọ́ yín kúrò, Màámi, mi ò fẹ́ bá yín jà.

Hẹ́lò? Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàsán o. Èmi ni. Orúnkún ńkọ́? Ẹ pẹ̀lẹ́. Rárá, àlàáfíà ni, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe àlàáfíà. Ẹ jókòó ná. Ẹ̀gbọ́n, bọ́ọ̀lù ihò tó gbẹ̀yìn yẹn, inú koríko ló wà o, kò ṣeé lù. Àbúrò mi ló fi ẹsẹ̀ tì í jáde. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹsẹ̀. Mi ò mọ̀, mo fi ayé mi búra fún yín, níbi àsè ni mo ti gbọ́. Wọ́n ní ife ṣì jẹ́ tèmi, àmọ́ èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, mò ń gbé e bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀gbọ́n? Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sunkún, ẹ dákun. Mo ń gbọ́ yín. Hẹ́n-ẹn. Mo gbọ́.

Màámi, ó ń bèèrè pé ta ló tún mọ̀ sí i. Ẹ gbà. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ dá a lóhùn.