Ohùn Tí Mi Ò Jẹ́ Kó Dé Kàdúná

Ọdún méjì ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí sábẹ́ ahọ́n. Ẹ jẹ́ kí n tu ú síta báyìí. Èmi Olúyẹ́misí, ọmọ Ìkòyí-Ilé, ló ya Ìyá Shamsudeen àti ọmọ rẹ̀ nípá. Kì í ṣe ẹ̀rọ, kì í ṣe dírẹ́bà.

Lọ́dún 1987, mo ń bá Alhaji Sàídù ta kásẹ́ẹ̀tì ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ìyá tí kò mọ̀wé kà, ṣọ́ọ̀bù wa ni àwọn ọmọ wọn tó wà lókè Ọya ń fi ọ̀rọ̀ inú kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí, kí a lè fi sí ẹ̀rọ fún wọn. Mi ò ní ẹnì kankan nílùú náà. Ìwé ìtàn tí mo yá nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tí dírẹ́bà tó ń ná ọ̀nà Kàdúná gbé ti Shamsudeen wá, mo ní kí n kàn tọ́ ọ wò.

"Ìyá mi ọ̀wọ́n, ṣé ara yín le? Mo fẹ́ fẹ́ Haneefah. Bí mi ò bá gbọ́ ohùn yín kí ààwẹ̀ tó dé, á jẹ́ pé ẹ ò gbà nìyẹn, mi ò sì ní wálé mọ́."

Ta ló bi mí rí bóyá ara mi le? Mo dá a padà sẹ́yìn, mo tún gbọ́ ọ. Ó di ojoojúmọ́, tí Alhaji bá ti lọ kírun ọ̀sán. Olè ohùn ni mí. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ̀rọ gbé téèpù náà mì, ó já a jálajàla. Alhaji sì ti kìlọ̀ pé, "Ọjọ́ tó o bá ba kásẹ́ẹ̀tì oníbàárà jẹ́, Ìkòyí-Ilé ni wàá padà sùn." Mo jù ú sí ṣáláńgá.

Ìyá Shamsudeen wá bèèrè: "Yẹ́misí, ọmọ mi ò tíì ránṣẹ́?"

"Rárá o, Màmá."

"Àbí ẹ̀rọ yín ti gbé e jẹ ni?" Ó rẹ́rìn-ín.

Èyí tó burú jù kò tíì dé. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, Màmá ra kásẹ́ẹ̀tì òfìfo, ó ní òun fẹ́ bá ọmọ òun sọ̀rọ̀. Bó bá sọ pé òun kò gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, àṣírí mi tú. Bọ́tìnnì méjì la ń tẹ̀ pọ̀ kí ẹ̀rọ tó gba ohùn sílẹ̀. Ẹyọ kan ni mo tẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ń yí lásán. Màmá sún mọ́ ọn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sunkún, ó ń ṣàdúà. Èmi ń mi orí.

"Ṣé ó wọlé dáadáa?"

"Ó wọlé, Màmá."

"O ò ní ráhùn ẹni tí yóò gbọ́ tìẹ."

Dírẹ́bà ló padà sọ fún mi pé Shamsudeen gbọ́ ọ títí, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní, "Ìyá mi ti dá mi lóhùn nìyẹn." Ó kó kúrò ní Kàdúná, a ò mọ ibi tó gbà. Mo tún dákẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kúnlẹ̀ fún Màmá ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, lọ́dọ̀ Marufat ọmọ rẹ̀. Mo jẹ́wọ́. "Èmi ti gbọ́," ló wí. "Ó ku kí ọmọ mi náà gbọ́." Kò sọ pé òun dárí jì mí.

Bọ̀dá Shamsudeen, níbi yòówù kí ẹ wà, ẹ foríjì mí. Ohun tí ìyá yín sọ lọ́jọ́ náà nìyí: "Shamsu, bí ọwọ́ rẹ bá ṣófo, máa bọ̀ bẹ́ẹ̀. Bóo bá ti ní ìyàwó, mú un dání. Kò sí ìjà láàárín wa."