Bí Mo Ṣe Fi Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan Kó Iṣẹ́ Màámi Lé Àlejò Lórí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè kí n tú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ti lé ní ọdún kan tó ti wà níkùn mi. Bí mo bá rántí rẹ̀, ẹ̀rín á pa mí, lẹ́yìn náà àyà mi á já. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé Sátidé tó ń bọ̀ ni àṣírí mi máa tú, bí mi ò bá tètè wá nǹkan ṣe sí i.

Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní Igbokoda. Ugbonla ni ilé Màámi wà, lórí omi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yan ẹja tà. Ìparí ọ̀sẹ̀ ni mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ kí wọn. Kí n má parọ́ fún yín, mo fẹ́ràn Màámi, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ràn iṣẹ́ ilé wọn rárá. Èéfín tibí, ìpẹ́ ẹja tọ̀hún. Ọ̀lẹ ni mí, mo gbà.

Lín ni akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ọmọbìnrin ará Ṣáínà ni, ó ń bá àwọn ará ilẹ̀ wọn tó ń wa yanrìn létí omi wa ṣiṣẹ́. Ohun tó bá kọ́ lọ́dọ̀ mi, òun náà á sọ ọ́ sínú fóònù fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ṣáínà tí wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ kan ló ń dà á láàmú: "work", ìyẹn iṣẹ́. Ó ní nínú èdè àwọn, èèyàn lè ka iṣẹ́ ní ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, kí ló dé tí Gẹ̀ẹ́sì ò gbà bẹ́ẹ̀? Ìgbà wo ló ń jẹ́ ibi tí à ń lọ láàárọ̀, ìgbà wo ló ń jẹ́ ohun tí ọwọ́ ẹni ṣe?

Sátidé kan, mo mú un lọ sí Ugbonla kó lọ wo ilé wa. Bí a ṣe gúnlẹ̀, agbọ̀n ẹja ńlá kan ni mo rí tó ń dúró dè mí. Lín ṣì ń bi mí ní "work". Ẹ wò ó, iṣẹ́ èṣù ni. Mo ní, "Lín, ẹnu kọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ọwọ́ ni. Bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an ṣe ń kọ́ ọ nìyẹn." Mo bá na ọ̀bẹ sí i.

Màámi lọgun. "Kí lò ń ṣe yẹn? Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ kárí Ugbonla ni?" Òótọ́ ni, nílé wa, àlejò kì í fọwọ́ kan iṣẹ́. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn, èmi ni ògbufọ̀. Irọ́ kejì bá jáde lẹ́nu mi. Mo ní ní ilẹ̀ àwọn Lín, bí onílé kò bá fún àlejò níṣẹ́, kò fẹ́ ẹ nílé nìyẹn.

Màámi lanu. "Háà! Irú ìlú tó dára wo nìyí?" Wọ́n bá fa àpótí fún Lín, wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń yọ ìfun ẹja. Èmi lọ nà gbalaja sórí ẹní. Mo sùn, ẹ jọ̀ọ́. Mo sùn dáadáa.

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Lín yan ẹja, ó ṣa edé, ó kọ́ bí a ṣe ń mọ púpurú, oúnjẹ tí a ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, ní roboto kó tó gorí iná. Bí Màámi bá rí i pé ó jókòó, àyà wọn á já, wọ́n á sáré wá iṣẹ́ fún un kó má bàa bínú. Bí Lín bá rí i pé iṣẹ́ tán, àyà tiẹ̀ náà á já, á ní òun ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ náà yé. Èmi á fi ìrọ̀rí bo ẹnu, màá máa rẹ́rìn-ín.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dáa sí i lóòótọ́. Nígbà tó ń ṣàlàyé "work" fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹja Màámi ló fi ṣe gbogbo àpẹẹrẹ: kéèyàn wà lẹ́nu iṣẹ́, kó ṣíwọ́ iṣẹ́, kí iṣẹ́ pọ̀ láìní òǹkà. Ó ní kí wọ́n yéé ka ìwé nìkan, kí wọ́n lọ bá ìyá àgbà kan ṣiṣẹ́. Mo gbọ́ pé àwọn kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ṣáínà. Ẹ gbà mí o!

Àwọn òbí Lín ló wá ń bọ̀ ní Sátidé. Màámi ti fi iṣẹ́ pamọ́ dè wọ́n. Bàbá Lín ló máa pààrọ̀ pákó afárá wa tó ti jẹrà, ìyá rẹ̀ ló máa yan ẹja. Màámi ti ní kí káfíńtà má wá mọ́. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n rò pé a ò gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀," ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Lín sì ti sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé àwọn náà á kọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀. Bàbá náà, pẹ̀lú ewú lórí, ti ra bàtà òjò.

Mo gbìyànjú láti jẹ́wọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Lín da edé sómi, Màámi jágbe mọ́ ọn: "Lín! Ojú ẹ dà? Ìwọ ọmọ yìí máa pa mí!" Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ. Ó rò pé mo fẹ́ bá Màámi bẹ òun ni. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Tísà, ẹ má bẹ̀ mí. Níbi iṣẹ́ wa, jẹ́jẹ́ ni gbogbo èèyàn ń bá mi sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, Màmá nìkan ni wọ́n ń jágbe mọ́ mi bíi ti ìyá mi." Ó padà lọ ṣa edé tó kù. Mò ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú mi.

Kì í ṣe ìtìjú ni mò ń sá fún, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n mo mọ Màámi. Bí wọ́n bá gbọ́ òtítọ́, wọ́n á gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ Lín, wọ́n á fà á jókòó, wọ́n á bu oúnjẹ tó dáa jù fún un, wọ́n á sì máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ọmọ náà á di àlejò. Bí mo bá sì dákẹ́, bàbá arúgbó kan máa gun afárá tòun ti òòlù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó dé. Báwo ni mo ṣe máa sọ òtítọ́ yìí, tí Màámi á ṣì máa jágbe mọ́ Lín?