Orúkọ tí Mo Yọ Kúrò Nínú Eré Omi Méje

Ìgbìmọ̀ eré wa ní kí n kọ ìtàn Omi Méje, kí a lè tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò tí a ó pín lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí eré náà bá pé ìgbà ọgọ́rùn-ún lórí ìtàgé. Wọ́n ní kí n to orúkọ àwọn òṣèré lẹ́sẹẹsẹ, láti ọdún 1958 títí di ọdún 1965 yìí. Wọ́n ní kó dùn ún kà. Mo ti kọ ọ́, kò dùn. Ẹ̀yin tí ìwé yìí wà lọ́wọ́ yín, tí ẹ jókòó ní gbọ̀ngàn tí ẹ ń retí kí aṣọ ìtàgé ṣí, òótọ́ tí mo fi ọdún márùn-ún tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ẹ ó kà níbí, nítorí n kò lè fi irọ́ kan kún irọ́ yìí mọ́ kí n sì tún máa pe ara mi ní ẹni tó kàwé. Èmi ni Ọmọ́wálé Ògúnlànà. Orúkọ mi ni ẹ ń rí nínú ìpolówó eré yìí lára ògiri Òṣòdì: “Ọ̀rọ̀ àti orin láti ọwọ́ Ọmọ́wálé Ògúnlànà, B.A.” Ọ̀rọ̀ ni tèmi. Orin, mo jí i.

Ìbéèrè kan ló gbé mi ṣubú. Ṣubúọlá, ọmọbìnrin tó ń ṣe Ìyá nínú eré báyìí, wá bá mi níbi ìdánrawò lóṣù tó kọjá pẹ̀lú àwọn ìwé ètò àtijọ́ lọ́wọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni Kọ́mfọ́ọ̀tì Ògúnlànà? Òun ni mo rí pé ó kọ́kọ́ ṣe Ìyá. Ṣé àbúrò yín ni? Mo fẹ́ lọ kí i. Mo fẹ́ bi í bó ṣe ń rí èémí mí kó tó wọ orin omi keje, torí díẹ̀ báyìí ló máa ń kù kí n kú síbẹ̀.” Àwọn òṣèré tó kù bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Kò sí ní Èkó mọ́.” Ẹ kíyè sí bí irọ́ ṣe yá lẹ́nu mi tó. Kò sí ẹnì kankan láyé tó ń jẹ́ Kọ́mfọ́ọ̀tì Ògúnlànà.

Ní ọdún 1958, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé pẹ̀lú oyè mi, mo ń kọ́ni nílé ìwé gíga kan ní Ìsọlọ̀, mo sì ń bínú sí gbogbo ayé. Mo kọ lẹ́tà sínú ìwé ìròyìn láti bú àwọn òyìnbó tí ń kó ère wa lọ sílé wọn láìkọ orúkọ agbẹ́gilére sábẹ́ rẹ̀. Mo ní olè ni wọ́n. Mo ṣì ní ẹ̀dà lẹ́tà náà. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ń wá eré fún Àjíǹde, mo sọ pé n ó sọ àlọ́ ìyá ìyá mi di eré olórin: ìyá kan tí odò gbé ọmọ rẹ̀ lọ, tó kọjá omi méje láti wá a, tí omi kọ̀ọ̀kan sì ní àfi bó bá fi orin bẹ òun kí òun tó jẹ́ kó kọjá. Mo kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán láàárín oṣù kan. Ọ̀gá akọrin wa, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, mú ohùn orin ìsìn méje, ó fi wọ ọ̀rọ̀ náà. Ó dà bí aṣọ àyálò lára ẹni tó sanra.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo gbé ìwé náà lọ sí ìsọ̀ Tàwàkálítù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Òṣòdì. Aránṣọ ni. A jọ lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, a sì jọ ń bú ara wa láti ìgbà náà. Ọmọ Alfa Nùrẹ́nì ti Ìsọlọ̀ ni, ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn obìnrin tó máa ń fi orin wákà pàdé àwọn tó bá ti Mẹ́kà dé. Mo kọ orin kìíní fún un. Kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì rẹ̀.

Ó ní, “Bí-Éè, ìyá tí odò gbé ọmọ ẹ̀ lọ nìyẹn?”

“Òun ni.”

“Ó ṣe wá ń kọrin bí ẹni tó ń ka òfin fún ẹlẹ́wọ̀n? Ọmọ ló ń wá, àbí ìwé àṣẹ?” Ó dá máṣíìnì dúró. Ó di ojú. Ọ̀rọ̀ mi náà ló jáde lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gba ẹ̀yìn ohùn wákà wọlé, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì jókòó síbi tí ìyá tó bí i jókòó sí. Reluwé kọjá nígbà yẹn. Ó dúró dè é, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí gan-an, kò ṣì í.

Oṣù méjì ni mo fi ń lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sán. Òun a kọ ọ́, èmi a fi sọ́fà kọ ọ́ sílẹ̀, ìyẹn lẹ́tà kéékèèké tí àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì fi ń dá ohùn mọ̀ lórí ìwé. Ó wo ìwé mi lọ́jọ́ kan, ó ní, “Kọ́ mi ní nǹkan yìí, kí n lè mọ̀ bóyá ohun tí mo kọ lo kọ.” Mo ní, “Tó bá yá.” Ọ̀sán tó ṣófo pọ̀ lọ́wọ́ mi láàárín ọdún méjì tó tẹ̀ lé e. N kò lo ọ̀kan ṣoṣo láti kọ́ ọ.

Kò sí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì tó lè ṣe Ìyá bíi tirẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé sọ bẹ́ẹ̀, ó sì tún ní, “Ṣùgbọ́n o mọ̀ pé a ò lè kọ Tàwàkálítù sínú ìwé ètò Àjíǹde. Àwọn àgbà ìjọ á ya á.” Èmi ni mo rántí Kọ́mfọ́ọ̀tì. Láyé ìgbà tí a jọ wà nílé ìwé àwọn oníjọ, ọmọ Mùsùlùmí tó bá wọlé, wọn a fún un lórúkọ mìíràn. Ọ̀gá ilé ìwé ní orúkọ rẹ̀ gùn jù, ó kọ Kọ́mfọ́ọ̀tì sínú rẹ́jísítà. Ọjọ́ tó jáde ìwé kẹfà ló fi orúkọ náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Mo padà lọ bá a he é, mo fi orúkọ bàbá tèmi tì í lẹ́yìn.

Ó bi mí pé, “Orúkọ mi gan-an ńkọ́?”

“Bàbá rẹ kò ní gbà, ìjọ kò ní gbà. Fún ìgbà díẹ̀ ni. Bí eré yìí bá dé Èkó, orúkọ rẹ gan-an ni màá kọ.”

“Búra.”

“Mo búra.”

Ó ní, “Bí-Éè, o ò fi nǹkan kan búra o.”

Gbọ̀ngàn ilé ìwé ní Ìsọlọ̀ ni a ti kọ́kọ́ ṣe é, ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde ọdún 1958. Nígbà tí Tàwàkálítù débi omi kẹta, àwọn àgbà ìjọ ti ń nu ojú. A gbé e dé Èjìgbò, dé Múṣin, dé Agége. Orin méje ló wà níbẹ̀, àmọ́ ìkeje kò tíì parí. Ó ti kọ́ wa ní ẹsẹ mẹ́ta. Ẹsẹ kẹrin, níbi tí ìyá ti rí ọmọ, ó ní òun ṣì ń wá a. “Mi ò tíì bímọ. Ṣé irọ́ ni kí n pa?” Níbẹ̀ ni èmi a ti fa aṣọ ìtàgé wálẹ̀ kíákíá, a ó sì ní eré ti parí.

Ní ọdún 1960, wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn ńlá kan ní Èkó láti bá àwọn ẹgbẹ́ mìíràn díje kí òmìnira tó dé. Tàwàkálítù sáré wá bá mi nílé ìwé, ayọ̀ kò jẹ́ kó lè jókòó. “Ọmọ́wálé, Bàbá ti gbà! Wọ́n ti mọ̀ látọjọ́ tó ti pẹ́. Wọ́n ní iṣẹ́ tí kò bá tì mí lójú, kí ló dé tí mo ń fi orúkọ ẹlòmíràn ṣe é? Wọ́n ní orúkọ tí àwọn fi sọ mí ni kí n fi kọrin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí n gbẹ́nu dákẹ́.” Ẹ rí i pé bàbá tí mo fi ń ṣe àwáwí ti yẹ̀ kúrò lọ́nà fúnra rẹ̀. Èmi nìkan ló kù lójú ọ̀nà. Ìwé ètò ti wà lọ́dọ̀ atẹ̀wé nígbà yẹn, orúkọ mi nìkan ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orin. Mo ní, “Ó dáa.”

Nígbà tí ìwé náà jáde, ó gbé ẹjọ́ lọ bá ìgbìmọ̀. Wọ́n pè wá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, nínú yàrá tí àlùfáà ti ń múra. Bàbá Ìjọ Adéṣígbìn jókòó, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé jókòó, àgbà mẹ́ta sì wà pẹ̀lú wọn.

Bàbá Ìjọ ní, “Wálé, ọmọ yìí ní òun lòun ṣe orin. Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

Mo wo Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, ẹni tó mọ òótọ́. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Mo to ìwé ètò ọdún méjì sórí tábìlì, mo ní, “Ẹ̀yin àgbà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ẹ rí Tàwàkálítù kankan níbẹ̀?” Wọn kò rí i. Báwo ni wọn ó ṣe rí i? Mo tún ṣí ìwé sọ́fà mi sí orin omi keje, mo tì í síwájú rẹ̀. Mo ní, “Bó bá jẹ́ òun ló ṣe é, kó kà á.”

Ó tẹjú mọ́ ojú ìwé náà. Ó ní, “Mo lè kọ ọ́ lórin.”

Àgbà kan ní, “A ò ní kó o kọ ọ́, ọmọ. A ní kó o kà á.”

Ó fi ìka sórí lẹ́tà àkọ́kọ́, ó pè é bí wọ́n ti ń pe lẹ́tà nílé ìwé. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Orin tirẹ̀ wà níwájú rẹ̀, mo ti fi lẹ́tà tí mo kọ̀ láti kọ́ ọ tì í mọ́lé. Ó pa ìwé náà dé jẹ́jẹ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. “Ọmọ́wálé, o ṣeun.” Bó ṣe jáde nìyẹn. N kò pè é padà. Mo ń ronú nípa aṣọ tí n ó wọ̀ lọ sí Èkó.

Ọmọ́níkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, kọ́ ipa Ìyá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, a sì gba ipò kìíní. Ìwé ìròyìn kan yìn mí pé mo lọ́gbọ́n tó fi jẹ́ pé n kò jẹ́ kí ìyá rí ọmọ, pé ìparí tí kò parí yẹn bá ìgbà tuntun mu. Ọgbọ́n! Ẹsẹ kan ni n kò ní, nítorí mo ti lé ẹni tó ni ín jáde. Mo gé ìwé ìròyìn náà, mo fi há ara ògiri.

Nígbà tí mo sọ fún ìgbìmọ̀ lóṣù yìí pé n ó kọ òótọ́, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Wálé, kí lo ń hú òkú fún? Jẹ́ ká fi orúkọ ẹ̀ sáàárín àwọn tó ń bá wa to àga.” Mo dá a lóhùn pé ọ̀rọ̀ inú eré náà ṣì jẹ́ tèmi, bí wọn kò bá tẹ ohun tí mo kọ bí mo ṣe kọ ọ́, mo gba ọ̀rọ̀ mi padà, kí wọ́n lọ wá omi méje mìíràn kọjá. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń ka èyí.

Èmi àti Ṣubúọlá wá a dé Àìlẹ́gùn, níbi tó ń gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ báyìí. Ìyá Mùtíátù ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Aṣọ tó ti gé wà nílẹ̀ káàkiri. Mo dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, “Dìde, o ń rún aṣọ oníbàárà mi. Ta ni ọlọ́rùn lékèélékèé yìí?”

Ṣubúọlá kúnlẹ̀. “Àǹtí, èmi ni mò ń ṣe Ìyá báyìí.”

“O kú iṣẹ́ o, ìyá wa.” Ó yíjú sí mi. “Ṣé o wá tọrọ àforíjì ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Lọ́dọ̀ ta ni? Lọ́dọ̀ Kọ́mfọ́ọ̀tì, àbí lọ́dọ̀ mi? Nítorí Bàbá kú lọ́dún tó kọjá, wọn ò rí orúkọ tí wọ́n fi sọ mí nínú ìwé kankan.”

Ṣubúọlá ló fi ọgbọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀ èémí. Tàwàkálítù rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. “Èémí kọ́ ló ń dà ọ́ láàmú. Ẹni tó ń sáré tí kò mọ ibi tó ń lọ, èémí wo ló máa tó o? Orin yẹn ò parí. Ẹsẹ kan kù, mo sì ti bímọ báyìí.” Ó na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà. “Ọmọ́wálé, jáde. Ìwọ ò gbọdọ̀ kọ èyí sílẹ̀.”

Mo jáde. Mo jókòó sórí àpótí kan lẹ́bàá ọ̀nà Àìlẹ́gùn. Bí orin ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú ilé, ìró máṣíìnì sọ. Mo yọjú lójú fèrèsé: kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀, kò sì sí òwú. Ó kàn ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni, kí n má baà gbọ́. Nígbà tí Ṣubúọlá jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bi mí o.” N kò bi í.

Ẹ gba ìtàn tí wọ́n ní kí n kọ. Tàwàkálítù Nùrẹ́nì ló ṣe gbogbo orin Omi Méje. Òun ni Ìyá àkọ́kọ́, láti 1958 di 1960. Ọmọ́níkẹ́ Ṣówándé ni èkejì. Ṣubúọlá ni ẹ ó rí lónìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ti ilé ẹ̀kọ́ gíga bọ̀ pẹ̀lú ìbínú bíi tèmi, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara yín kí ẹ tó pe ẹlòmíràn lólè. Gègé tí ẹ kò bá fi kọ́ aládùúgbò yín, òun náà ni ẹ ó fi jí ẹrù rẹ̀. N kò tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ yín, nítorí ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀.

Lálẹ́ yìí, ẹnikẹ́ni kò ní fa aṣọ ìtàgé wálẹ̀ níbi tí mo máa ń fà á. Ìyá yóò rí ọmọ rẹ̀. N kò mọ ohun tó máa sọ. Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni n ó dúró sí láàárín yín, láìsí ìwé, láìsí gègé lọ́wọ́, kí n fi etí lásán gbọ́ ọ bí gbogbo ènìyàn.