Òrìṣà Tó Dí Ẹnu Géètì Mi

Ẹ jókòó, Shelke Bhau, àbúrò mi, ẹ jókòó, ẹ má tíì dìde, tíì yín ò tíì dé ìdajì, a kì í sì í gbé tíì èmi Vatsala sílẹ̀ bí ẹni tó rí eṣinṣin nínú ẹ̀. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà tí ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ fajú ro báyìí lọ́jọ́ tí mo wá ge ríbọ́nù òrùlé tuntun fún òrìṣà Ìyá?" Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ bi mí, mo fẹ́ẹ́ dá yín lóhùn. Kánsẹ́lọ̀ tí mo fi ìka ara mi dìbò fún, òun ló wá fi páànù bo ohun tó dí géètì mi pa! Ẹ gbà mí o!

Ta ló gbé òrìṣà síbẹ̀? Èmi ni, mi ò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n kí ló sún mi débẹ̀? Ìtọ̀! Ìtọ̀ ni, Bhau, ẹ má yínmú, ìtọ̀ tí gbogbo ọkùnrin ìlú yìí ń tọ̀ sí ògiri mi láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn tó ń bọ̀ láti ọjà ẹ̀fọ́, wọ́n á yà. Àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì, wọ́n á yà. Àwọn tó ń kọ́ ilé alájà mẹ́rìnlá tí ẹ fọwọ́ sí yẹn, wọ́n á tò síbẹ̀ bí ẹni tó wá gba ìrẹsì ìjọba. Mo wá sí ọ́fíìsì yín, mo ní ẹ kọ́ ilé ìtọ̀ fáwọn èèyàn yìí. Ẹ ní ẹ ti kọ́ ọ. Mo ní níbo? Ẹ ní ó wà nínú àwòrán iṣẹ́ kánsù. Nínú àwòrán! Ṣé inú àwòrán ni wọ́n á máa tọ̀ sí? Ọkọ mi fi ọ̀dà kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé, "Ẹ wo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ń tọ̀." Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń kà á, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń rẹ́rìn-ín, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń tọ̀ lé e lórí.

Ìgbà náà ni mo ra táìlì tí wọ́n ya òrìṣà sí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀, gbogbo ìlú ló ń ṣe é. Ganpati olórí erin kan, Ìyá Lakshmi òrìṣà ọrọ̀ kan, àgbélébùú kan, Mẹ́kà kan, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé tòun ò sí níbẹ̀. Ó sì ṣiṣẹ́! Ẹni tí kò bẹ̀rù kánsù, tí kò bẹ̀rù ọlọ́pàá, bó bá ti fojú kan Ìyá, á tún sòkòtò dè, á fọwọ́ kan àyà, á lọ tọ̀ sí ògiri ẹlòmíì. Inú mi dùn, mo jó. Mi ò mọ̀ pé igi eléèrà ni mo ṣẹ́ wọlé.

Torí páìpù yín! Páìpù kánsù tó gba inú ògiri mi kọjá, ó ń jò. Ẹ̀rọ omi inú ilé mi gbẹ fúrúfúrú, korobá la fi ń du omi lẹ́yìn ọkọ̀ táńkà, ṣùgbọ́n lára ògiri, omi ń sun! Ó sun, ó sun, ó gba ẹ̀yìn táìlì, ó wá yọ sábẹ́ ojú Ìyá. Ó parí! Obìnrin kan tó ń ta òdòdó rí i, ó figbe ta pé Ìyá ń sunkún. Kí n tó wẹ̀ kí n tó jáde, iwájú ilé ti kún. Àgbọn, òdòdó, fìtílà, tùràrí. Mo ní ẹ̀yin èèyàn, páìpù ló ń jò! Wọ́n ní Vatsala, má sọ̀rọ̀ òdì. Mo pe àwọn elómi kánsù. Wọ́n wá lóòótọ́, tirinṣẹ́ tirinṣẹ́. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wólẹ̀, wọ́n gbe omi náà sínú ìgò fún àwọn ìyàwó wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Háà! Àwọn tó ń gbowó oṣù kí páìpù má baà jò!

Baban tó sọ ara ẹ̀ di àwòrò ńkọ́? Baban yìí gan-an lọ̀gá àwọn tó ń tọ̀ síbẹ̀! Mo mọ ẹ̀yìn ẹ̀ ju ojú ẹ̀ lọ. Òun ló wá da aṣọ bora, tó kó bíríkì tí ẹnikẹ́ni ò mọ ibi tó ti rí i, tó mọ pẹpẹ síwájú géètì mi, tó fi irin yí i ká. Géètì ò ṣí mọ́. Èèyàn lè fẹ̀gbẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ Márúwá ọkọ mi wà nínú ọgbà. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Inú ọgbà ló wà! Oúnjẹ ẹnu wa ló há sínú ọgbà yẹn! Pandurang ọkọ mi tí kò mọ iṣẹ́ mìíì ju kó gbérò lọ, láràárọ̀ á wọ aṣọ kákí ẹ̀, á nu kẹ̀kẹ́, á jókòó sídìí ọwọ́ ọkọ̀, kò sì síbi tó ń lọ. Lánàá ó tẹ fèrè. Nínú ọgbà! Mo ní ta lò ń tẹ̀ ẹ́ fún, ó ní kí ọwọ́ òun má baà gbàgbé ni. Mo wọ yàrá lọ, mo sunkún, Bhau. Ẹnì kan ò mú òdòdó wá fún tèmi o.

Mo tọ àwọn tó ń bójú tó títì lọ, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni. Mo tọ ọlọ́pàá lọ, wọ́n ní ọ̀rọ̀ kánsù ni. Mo wá bá yín. Kí lẹ wí? Ẹ fọwọ́ lé àyà bí ẹni mímọ́, ẹ ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta lèmi tí màá fọwọ́ kan Ìyá? Àfi bí Ìyá fúnra ẹ̀ bá ní òun fẹ́ kúrò." Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ àbí ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀n, ẹ ti mirí. Ẹ̀yin tí ẹ fi katakata wó ìsọ̀ tíì Yamuna opó, nítorí pé ìsọ̀ náà yọ díẹ̀ sójú títì! Ebi ò pa opó náà sùn rí tó fi di ọjọ́ yẹn. Ẹ bẹ̀rù òrìṣà, ẹ ò bẹ̀rù opó. Irọ́ ni, ìbò lẹ bẹ̀rù! Ìbò ti ń sún mọ́lé, páànù náà dé, àwòrán yín sì wà lára ẹ̀, ó tóbi ju ti Ìyá lọ. Ojú ò tiẹ̀ tì yín!

Ẹ jókòó! Kí lẹ ń wo fèrèsé sí? Àwọn obìnrin olórin ni, ṣebí ọjọ́ Ìyá ni. Ìró òòlù? Wọ́n ń tún páànù yín kàn ni. Ẹ mu tíì, mo fi atalẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ n rọ́ àlá kan fún yín. Ìyá wá bá mi lójú oorun. Ó ní, "Vatsala, ariwo bọ́ọ̀sì ti sú mi, òórùn ìtọ̀ àtijọ́ ò sì tíì kúrò nímú mi. Gbé mi lọ síbi tí títì ti dán, tí iná kì í lọ, tí omi ń yọ lẹ́nu ẹ̀rọ tọ̀sán tòru." Mo ní Ìyá, ibo nìyẹn nínú ìlú yìí? Ó ní, "Ẹnu géètì Shelke."

Ṣé ẹ rí i? Ìyá fúnra ẹ̀ ló ní òun fẹ́ kúrò! Ta wá lèmi tí màá ní rárá? Mo sọ fáwọn obìnrin olórin, ayọ̀ ò jẹ́ kí wọ́n lè dúró. Mo sọ fún Baban, kí n tó sọ ọ́ tán ó ti ń ká ẹní; ó ní àwọn olówó ló kún àdúgbò yín.

Háà, ẹ ti dìde? Ó ti pẹ́ jù, Bhau, pẹpẹ ni òòlù yẹn ń wó! Ẹ gbọ́ ìró yẹn? Pó-pó-pó-pó! Kẹ̀kẹ́ Pandurang nìyẹn, lójú títì! Ó ti gbé Ìyá dé ọ̀hún, bíríkì ló padà wá kó. Ẹ bá mi gbọ́ bó ṣe ń tẹ fèrè! Háháhà! Ẹ rọra o, ilẹ̀ ìta ń yọ̀, páìpù yín ṣì ń jò. Fóònù yín ń dún. Ẹ gbé e, ẹ gbé e, ìyàwó yín ni. Ó fẹ́ bi yín ibi tí mọ́tò yín á máa gbà wọlé.