Ọmọ Tí Mo Febi Pa Kí Ará Ọjà Lè Ṣàánú

Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni wọn yóò yẹgi fún mi. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́, n kò lè jókòó sójú kan. Mo ń rìn láti ògiri dé ilẹ̀kùn, láti ilẹ̀kùn padà sí ògiri. Wọ́dà tó ń ṣọ́ mi ní kí n sinmi. Èmi náà fẹ́ sinmi, ẹsẹ̀ mi ni kò gbà. Ẹ jẹ́ kí n yára sọ bí mo ṣe débí.

Aránṣọ ni mí ní Bẹ́yẹrúnkà. Lọ́dún tí ìgbóná jà nílùú, àwọn ọmọ tí kò ní bàbá tí kò ní ìyá mọ́ pọ̀ kọjá sísọ. Opó kan ládùúgbò wa, Ìyá Rábì, kó mẹ́sàn-án nínú wọn sílé. Nígbà tí oúnjẹ kò tó mọ́, ó wá bá mi ní ìsọ̀.

"Ọmọ mi, Ọlọ́run fún ọ lóhùn. Bá mi bẹ àwọn ará ọjà."

"Mo ti gbọ́, Ìyá. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Mo dúró ní Ọjà'ba, mo ké sí wọn. Mùsùlùmí mú sàráà wá, abọ̀rìṣà gbé iṣu wá. Mò ń ru gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Rábì, inú mi sì ń dùn. Òótọ́ ni, dáadáa ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan fún wa ní aṣọ kíjìpá tuntun. Mo ní ṣebí èmi ni mò ń pariwo nínú oòrùn. Mo gbé e fún ìyàwó mi. Kò sẹ́ni tó béèrè. Nígbà tó yá, àgbàdo àti ẹ̀wà náà ń bá mi lọ sílé, mo sì ti ìsọ̀ mi pa.

Ṣùgbọ́n díẹ̀ tó kù ń tó àwọn ọmọ náà jẹ, ara wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Oníyọ̀ kan rẹ́rìn-ín sí mi: "Àwọn ọmọ yín ti sanra ju tèmi lọ!" Ọwọ́ àwọn èèyàn ká kò, wọn ò fi bẹ́ẹ̀ mú nǹkan wá mọ́.

Ni mo bá mú Àṣàkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà tó rù jù nínú wọn. Mo purọ́ fún Ìyá Rábì pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ọ̀rányàn yóò tọ́jú rẹ̀. Mo há a mọ́ yàrá kan tí mo gbà níbẹ̀, mò ń fún un ní ẹ̀kọ kan ṣoṣo lóòjọ́. Tí mo bá gbé e dé Oríta-mẹ́rin, àwọn obìnrin á máa sunkún, ẹrù á máa wọlé.

Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"O ò ṣẹ̀ mí. Dákẹ́."

"Tí mo bá dákẹ́, ṣé ẹ máa fún mi lẹ́kọ sí i?"

Mo sáré jáde bí ẹni tí wọ́n ń lé, mo sì tilẹ̀kùn.

Ẹnì kan rí ọmọ náà lọ́jà, ó sọ fún Ìyá Rábì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ìyá Rábì tọ̀ mí lẹ́yìn wọ yàrá náà. Nígbà tó rí Àṣàkẹ́, ó fẹ́ gbé e pọ̀n.

"Torí kí ebi má pa wọ́n ni mo ṣe rán ọ. Ìwọ lo wá ń febi pa wọ́n?"

"Ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ má pariwo."

"Màá pariwo dé Ọjà'ba!"

Mo tì í. Ó ṣubú, orí rẹ̀ gbá ọlọ tó wà nílẹ̀. Kò kú. Ó na ọwọ́ sí mi pé kí n gbé òun dìde. Mo lè ké sí àwọn ará ilé. Dípò bẹ́ẹ̀, mo fi gèlè rẹ̀ bò ó lẹ́nu àti nímú títí èémí fi tán. Ìgbà tí mo gbójú sókè, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, Àṣàkẹ́ ti sá lọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti wá mú mi. Ní kóòtù, orí àpótí ni wọ́n gbé Àṣàkẹ́ dúró lé kí adájọ́ òyìnbó tó lè rí i. Ògbufọ̀ bi í pé ta ló pa Ìyá Rábì. Ó nàka sí mi.

"Bàbá ni."

Ó ṣì ń pè mí ní Bàbá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, tí wọ́n bá fi ohun ọmọ òrukàn rán yín, ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí ọkàn yín bá ń sọ pé díẹ̀ lẹ fẹ́ mú, ẹ sá. Mo bi wọ́dà pé ta ló ń bọ́ àwọn ọmọ Ìyá Rábì báyìí. Ó ní òun ò mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ wò wọ́n. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá rù kẹ́ ẹ tó ṣàánú wọn.