Ẹyẹ Ẹlẹ́sẹ̀ Ẹrẹ̀

Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin ọmọ yìí! Ẹyẹ kan ṣoṣo bà sí oko, ẹ ti sọ ọ́ lórúkọ mẹ́fà, kò sì sẹ́ni tó dìde lọ wò ó. Ẹ jókòó.

Ní ayé àtijọ́, kí ilé yìí tó ní ògiri kankan, Moróunkéjì, ìyá ńlá wa, wá tẹ̀dó síbí pẹ̀lú ìyá rẹ̀ arúgbó àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ògúnrìndé ọdẹ. Ọ̀dá wá dá. Odò gbẹ, ó gbẹ tán pátápátá. Ògúnrìndé ní kí wọ́n kẹ́rù, kí wọ́n máa lọ. Bẹ́ẹ̀ ìyá wọn ò lè rìn mọ́. Bí wọ́n bá lọ, ibí ni wọn yóò fi í sí. Ṣé ẹ ń gbọ́? Ìyá tó bí wọn!

Àárọ̀ tí wọ́n ń di ẹrù ni ẹyẹ kan bà sí oko. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, ikùn rẹ̀ funfun, ẹnu rẹ̀ gùn, ó pupa. Wọn ò rí irú rẹ̀ rí. Ògúnrìndé dúró sẹ́nu ọ̀nà ahéré, ó ní lékelèke ni. Lékelèke dúdú, ẹ gbà mí! Ó tún ní igún ni. Nígbà tó yá, ó ní ẹyẹ burúkú ni, ó wá lé wọn lọ ni. Ló bá fa ọfà yọ.

Ọ̀rọ̀ yìí sú Moróunkéjì.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọfà yẹn sílẹ̀! Ẹ ò kúrò lójú kan, ẹ ti pè é ní nǹkan mẹ́ta. Báwo lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rí?”

“Ta ní ń wo ẹsẹ̀ ẹyẹ?”

“Èmi ni!”

Ó fàyà wọ́ nínú koríko gbígbẹ. Ó ń wọ́, ó ń wọ́, ẹ̀gún ń gún un, ó ń ráhùn. Nígbà tó súnmọ́ ọn, ó rí i: ẹsẹ̀ pupa, ẹrẹ̀ sì bò ó dé orúnkún. Ẹrẹ̀ tútù, lórí ilẹ̀ tó gbẹ táútáú!

Ẹyẹ fò, Moróunkéjì sáré tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn àpáta, níbi tí ẹ ti ń pọnmi títí dòní, ibẹ̀ ló ti bá ìsun omi. Igbá àkọ́kọ́ tó bù, ìyá rẹ̀ ló gbé e fún. Ògúnrìndé tú ẹrù.

Orúkọ ẹyẹ náà? A ò mọ̀ ọ́n; ẹsẹ̀ rẹ̀ tí a wò ló gbà wá. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí a bá bímọ nílé yìí, àgbà á kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ ọmọ, á wò ó dáadáa, kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ kankan. Ẹsẹ̀ gbogbo yín ni mo wò, títí kan tìrẹ, Ìbídùn, tó ń rẹ́rìn-ín.

Ó yá, dìde. Lọ wo ẹsẹ̀ ẹyẹ yẹn, kí o wá sọ ohun tí o rí fún mi.